Kọ̀ǹpútà Tó Gbé Ohùn Àáfà Mì

Ọjọ́ kẹfà nìyí tí wọ́n ti ń fi ojú ọ̀daràn wo Basheerah ní ilé ọkọ rẹ̀, kọ̀ǹpútà ló sì fà á. Bó bá jẹ́ pé ó bá ẹnì kan jà lágbàlá ni, ì bá yé e. Ṣùgbọ́n pé ènìyàn fi ìka kan ṣoṣo tẹ bọ́tìnì láàárọ̀ Sátidé, kí gbogbo ilé sì tìtorí ẹ̀ máa fi ìkanra dá a lóhùn, ọ̀rọ̀ náà kọjá òye rẹ̀. Nígbà tó di Ọjọ́bọ̀, tí ilé-ìwé tó ti ń ṣe tíṣà tú, ó gbé kọ̀ǹpútà náà wọ kẹ̀kẹ́ ní Ọjà-Ọba, Ìlọrin, ó gbé e lé itan bí ẹni gbé ọmọ, ó ní kí wọ́n gbé òun lọ sí Challenge, lọ́dọ̀ àwọn tó ń tún un ṣe.

Ẹni tí kò bá mọ ilé Àáfà Gàní á ní kí ni wàhálà kọ̀ǹpútà àlòkù kan. Àáfà Gàní ni bàbá ọkọ Basheerah. Ó lé lógún ọdún tí bàbá náà fi ń ṣe tàfúsírì níwájú ilé rẹ̀ nínú ààwẹ̀ Rámádánì, lẹ́yìn ìrun Alásárì, tí àwọn ènìyàn á tẹ́ ẹní títí dé ẹnu gọ́tà. Kì í pariwo bí àwọn kan. Ohùn rẹ̀ rọ̀, a sì máa fà díẹ̀, ó lè mú gbólóhùn kan nínú Kùránì kó máa tú u fún ọjọ́ mẹ́ta, kí ẹ̀rín sì wà lẹ́nu àwọn tó gbààwẹ̀ tí ọ̀nà ọ̀fun wọn ti gbẹ.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn ọdún Ìtúnu tó kọjá ni àrùn rọpárọsẹ̀ dá a wólẹ̀. Apá ọ̀tún kú, ẹsẹ̀ ọ̀tún kú, ahọ́n náà bá wọn lọ. Ojú rẹ̀ ń ríran, etí rẹ̀ ń gbọ́, làákàyè rẹ̀ pé, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kò jáde mọ́. Ìyókù ohùn rẹ̀ láyé, inú kọ̀ǹpútà ló wà. Abdulwaris ọmọ rẹ̀, ọkọ Basheerah, ló ti ń fi fóònù gba ohùn náà sílẹ̀ láti ọdún mẹ́rìnlá, tó ń kó o sínú kọ̀ǹpútà orí tábìlì nínú yàrá bàbá. Ibẹ̀ nìkan ló kó o sí. Ó ní bí òun bá fún ẹnì kan péré, lọ́la ni wọn yóò máa tà á lẹ́nu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí. Nígbà tí Basheerah dábàá nígbà kan pé kí àwọn dà á sínú fúláàṣì kan kí àwọn fi pamọ́, ó wò ó bí ẹni tó ní kí wọ́n wá pín ogún bàbá òun nígbà tí bàbá ṣì ń mí.

Ní Jímọ̀ ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, Abdulwaris dìde ní mọ́ṣáláṣí, ó kéde pé tàfúsírì ọdún yìí kò ní yẹ̀. Ó ní láti ọjọ́ kìíní ààwẹ̀, ohùn Àáfà gan-an ni àwọn ènìyàn yóò máa gbọ́ láti inú ẹ̀rọ, bàbá yóò sì jókòó láàárín wọn. Àwọn àgbàlagbà sunkún lọ́jọ́ náà. Ààwẹ̀ wá ku ọjọ́ mẹ́wàá báyìí, kọ̀ǹpútà kò tàn, ẹni tó sì tẹ̀ ẹ́ kẹ́yìn ni ìyàwó ilé tó fẹ́ tẹ ìbéèrè ìdánwò fún àwọn ọmọ pírámárì kejì.

Abdulwaris kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ẹ̀rù ló ń bà á, ọkùnrin tí ẹ̀rù bá sì ń bà, ẹni tó sún mọ́ ọn jù ló máa ń jẹ ìyà rẹ̀. Ó ní Basheerah ló bà á jẹ́. Ó ní omi tó fi ń nu ilẹ̀ yàrá bàbá ni, tàbí tíì, nítorí pé Basheerah ti da tíì sórí kííbọọ̀dù rí lọ́dún tó kọjá. Ẹni tó bá jalè lẹ́ẹ̀kan, bó bá da àrán borí, aṣọ olè ló dà bora. "Ìwọ lo bà á jẹ́," ló wí láàárọ̀ Ọjọ́rú, "ìwọ ni kí o gbé e lọ tún ṣe." Àlájà Màsúdát, ìyá rẹ̀, wà níbẹ̀, kò sọ búburú, kò sọ rere. Ìyẹn ló dun Basheerah jù, nítorí obìnrin yìí ló wẹ Sadiya fún un fún ogójì ọjọ́ nígbà tó bí i, kò sì sí ọ̀ràn kan nínú ilé yẹn tí kì í bá a dá sí.

Ohun kan tún wà tí Basheerah kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ní Ọjọ́bọ̀ tó ṣáájú Sátidé yẹn, ìrẹsì ń jóná lórí iná, ó sá dìde nídìí kọ̀ǹpútà, ó fa wáyà rẹ̀ yọ lára ògiri láì kọ́kọ́ pa á bó ṣe yẹ. Láti ìgbà náà ló ti ń bi ara rẹ̀ léèrè, bóyá òótọ́ ni wọ́n ń sọ. Bó ṣe gbé ẹ̀rọ náà lé itan nínú kẹ̀kẹ́ yẹn, kò mọ̀ bóyá ẹ̀rí ìwà mímọ́ òun lòun gbé lọ́wọ́ tàbí ẹ̀rí ẹ̀ṣẹ̀ òun.

Ṣọ́ọ̀bù Hamzah wà lẹ́yìn ilé alájà kan ní Challenge, ó sì kéré débi pé bí oníbàárà bá wọlé, ọ̀gá ní láti fà sẹ́yìn. Ọmọ Gàmbàrí tí wọ́n bí sí Ìlọrin ni Hamzah, ibẹ̀ náà ni wọ́n bí bàbá rẹ̀ sí, Yorùbá rẹ̀ sì dán ju ti àwọn kan tó ń pe ara wọn ní onílẹ̀ lọ. Àwọn tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ládùúgbò yẹn, bí wọ́n bá ti rí ẹ̀rọ, nọ́ọ̀tì ni wọ́n ń tú. Hamzah kì í fọwọ́ kàn án títí á fi béèrè ọ̀rọ̀ tán, bíi nọ́ọ̀sì tó mọṣẹ́.

"Ara Àáfà wa ń kọ́?" ló kọ́kọ́ wí. Òun náà ti jókòó lórí ẹní níwájú ilé yẹn rí.

"Àlùhámúdùlílàì. Wọ́n ń jẹun díẹ̀díẹ̀."

"Allah á bá wa fún wọn ní àlàáfíà. Kí ló wá ń ṣe èyí?"

"Bí mo bá tẹ̀ ẹ́, fáànù inú rẹ̀ á yí, iná pẹ́ńpẹ́ iwájú rẹ̀ á tàn. Ṣùgbọ́n ojú mọ́nítọ̀ á dúdú kirikiri, á wá máa han."

"Á máa han báwo? Ẹ ṣe é kí n gbọ́."

Basheerah wo ẹ̀yìn, ó wo ẹnu ọ̀nà. Ìyàwó ilé Àáfà, tíṣà, ìyá ọlọ́mọ, òun ni yóò máa ké bí ẹ̀rọ ní gbangba. Ó rẹ ohùn sílẹ̀, ó ní, "Píìn, píìn, píìn. Á sinmi. Á tún ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta."

Hamzah kò rẹ́rìn-ín. Ó kàn mi orí bí ẹni gbọ́ ọ̀rọ̀ gidi, ó gbé ẹ̀rọ náà sórí tábìlì.

Wáyà ló kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Ó ní ìdajì kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń sunkún gbé wá bá òun, wáyà tàbí sọ́kẹ́ẹ̀tì ara ògiri ló ń ṣe é, pé ọ̀gá báńkì kan ti gbé tirẹ̀ wá rí, ẹnì kan ló ṣèèṣì fi ẹsẹ̀ gbá wáyà rẹ̀ nílé. Ó fi wáyà tirẹ̀ rọ́pò. Ariwo náà kò yí padà. Ó so ó mọ́ mọ́nítọ̀ tirẹ̀, èyí tó ń tàn dáadáa lára kọ̀ǹpútà mìíràn. Ó dúdú. "Kì í ṣe ojú ló ń ṣe é," ló wí. Ní gbogbo ìgbà tó bá yọ ohun kan kúrò nínú ẹjọ́, Basheerah a rí i pé ohun tó kù ń súnmọ́ òun.

"Ariwo mẹ́ta yẹn, ẹjọ́ ràámù ló ń rò," Hamzah wí. Ó tú ẹgbẹ́ kan ẹ̀rọ náà, ó fi ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ fẹ́ eruku inú rẹ̀ jáde sí ẹnu ọ̀nà. Ó yọ pátákó tínńrín kan tó gùn bí ìka àárín. "Èyí ló fi ń rántí ohun tó bá ń ṣe lọ́wọ́. Bí kò bá rí i, kò lè ronú, igbe ló máa ń ké." Ó mú írésà tí àwọn ọmọ ilé-ìwé fi ń pa lẹ́ẹ̀dì rẹ́, ó fi ra etí pátákó náà títí ó fi ń dán, ó dá a padà. Ẹ̀rọ náà ké lẹ́ẹ̀mẹta. Ó fi ràámù mìíràn sí i. Ó ké. Ó yọ bátìrì róbótó kan tó tó kọ́bọ̀ ayé ijọ́un, ó kà dé ọgọ́ta, ó fi òmíràn sí i. Ó ké.

Hamzah jókòó. "Ìyàwó ilé Àáfà," ló wí jẹ́jẹ́, "kí lẹ ṣe kẹ́yìn sí i kó tó di pé kò tàn mọ́?"

Ìbéèrè tí Basheerah ti ń sá fún nìyẹn. Ó wo ọwọ́ rẹ̀. Ó lè purọ́, kò sí ẹlẹ́rìí kankan bí kò ṣe ìrẹsì tó jóná. Ṣùgbọ́n irọ́ kò wúlò fún ẹni tó fẹ́ mọ òótọ́, ló bá sọ ọ́, bó ṣe fa wáyà yọ lára ògiri.

Hamzah ń wò ó, ó ń dúró de ìyókù. "Ìyẹn nìkan?"

"Ìyẹn nìkan."

"Ká ní fífa wáyà yọ ń pa kọ̀ǹpútà báyìí ni, kì bá tí sí ọ̀kan tó ń ṣiṣẹ́ ní Nàìjíríà. Ṣé àwọn tó ń mú iná lọ máa ń kọ́kọ́ fi tó wa létí ni?" Ó dìde. "Lóòótọ́ kò dára, ẹ má ṣe é mọ́. Ṣùgbọ́n kì í ṣe èyí."

Omi yọ lójú Basheerah. Kò mọ̀ pé ó ti ń ru ẹrù náà tó bẹ́ẹ̀ títí tí wọ́n fi sọ ọ́ kalẹ̀. Ó yí ojú sí ìta, ó ń wo àwọn kẹ̀kẹ́ tó ń kọjá, ó ń fi etí ìjáàbù nu ojú. Ó ń ronú ohùn tí òun yóò fi sọ fún Abdulwaris nílé, bóyá òun á sọ ọ́ pẹ̀lẹ́ ni, bóyá òun á jẹ́ kó kọ́kọ́ bínú tán.

Páwà páàkì ló kù, àpótí onírin kékeré tó ń pín iná fún gbogbo inú kọ̀ǹpútà, tó wà lókè lábẹ́ ihò wẹ́wẹ́ tí ẹ̀rọ náà fi ń mí. Hamzah tú u, ó fà á jáde, ó yí i padà lórí tábìlì. Òkú èèrà pupa kéékèèké dà sílẹ̀ lára rẹ̀, wọ́n tó ẹ̀kúnwọ́. Àbàwọ́n kan sàn láti abẹ́ rẹ̀ lọ sísàlẹ̀ lára bọ́ọ̀dù ńlá tó wà lẹ́yìn, ó pọ́n, ó ní dúdú nínú, ó ti gbẹ síbẹ̀. Hamzah fi ìka kàn án, ó lẹ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ó gbé ìka sí imú.

"Ṣé tíì ni?" Basheerah béèrè.

"Rárá o." Ó tún gbóòórùn rẹ̀. "Oyin ni. Oyin àti tàdáwà."

Kò sí ẹni tó lo ìgbà èwe rẹ̀ ní ilé-kéwú ní Ìlọrin tí kò ní mọ ohun tí oyin àti tàdáwà, yíǹkì tí wọ́n fi ń kọ wàláà, ń wá papọ̀. Hàǹtú ni, omi áyà tí wọ́n ń mu fún ìwòsàn. Akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ kan a máa wá kọ áyà sára wàláà fún Àáfà ní gbogbo Jímọ̀, wọn á fi omi fọ tàdáwà rẹ̀ sínú abọ́, wọn á bu oyin sí i, Àlájà Màsúdát á sì máa fi ṣíbí bu ú sí ọkọ rẹ̀ lẹ́nu títí di Jímọ̀ mìíràn. Basheerah fúnra rẹ̀ ló fọ wàláà ní Jímọ̀ tó kọjá. Ìyá ń ṣe àlùwàlá lọ́wọ́, ó ní kó bá òun fọ̀ ọ́. Òun ló ro oyin sí i, òun ló gbé abọ́ náà lé Ìyá lọ́wọ́ lẹ́nu ọ̀nà yàrá. Kò sí ẹlòmíràn tó wọ yàrá yẹn títí di àárọ̀ Sátidé.

"Ẹ bá mi wo ibi tí ohùn wà," ló wí. Ohùn tirẹ̀ ti yí padà.

Hamzah yọ háàdì, ìyẹn irin pẹlẹbẹ kékeré tí kọ̀ǹpútà ń kó gbogbo ohun tó bá fẹ́ tọ́jú sí. Ó so ó mọ́ kọ̀ǹpútà tirẹ̀. Wọ́n gbọ́ tó bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Ó kàn kọ́, kọ́, kọ́, bí ẹni ń kan ilẹ̀kùn, ó sì dákẹ́. Ó tún un ṣe. Ó jẹ́ kó tutù, wọ́n kí Alásárì lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, ó tún so ó mọ́ ọn. Kọ́, kọ́, kọ́. Ó gbé ọwọ́ kúrò lára rẹ̀.

"Nígbà tí omi dé inú páwà páàkì, tí wọ́n sì tan iná sí i, iná tó kọjá agbára ló fi ránṣẹ́ sí gbogbo wọn," ló ní. "Àwọn kan wà ní Èkó tó máa ń ṣí irú èyí nínú yàrá tí kò ní eruku. Mi ò lè sọ pé ó ti kú. Mi ò sì lè sọ pé ó ń bẹ láàyè. Ṣùgbọ́n kò lè dé kí ààwẹ̀ tó wọlé."

Ọdún mẹ́rìnlá. Basheerah gbìyànjú láti rántí ohùn bàbá náà lórí, bó ṣe máa ń pe orúkọ rẹ̀ láàárọ̀, tó máa ń fa ìparí rẹ̀ gùn. Ó rí i rántí, ó sì dùn ún gan-an.

Ó fi kọ̀ǹpútà sílẹ̀, ó ní kí Hamzah bá òun kọ ohun tó rí sínú ìwé, nítorí ilé tí òun ń lọ kò ní gba ọ̀rọ̀ ẹnu òun gbọ́. Hamzah fa ìwé kan ya. Ó kọ ti páwà páàkì, ó kọ ti háàdì. Ó wá dá bírò dúró.

"Irú omi wo ni kí n ní ó wọ ibẹ̀?"

Basheerah mọ ohun tó yẹ kó dáhùn. Ọ̀rọ̀ méjì péré, ẹjọ́ ọjọ́ mẹ́fà á tán. Kò mọ ohun tó dí i lẹ́nu. Bóyá ojú ló ń tì í níwájú ọkùnrin náà fún ilé ọkọ rẹ̀.

"Omi ni kẹ́ ẹ kọ," ló wí.

Nínú kẹ̀kẹ́ tó ń gbé e padà, ó bínú sí ara rẹ̀. Ìka tó bá ṣẹ̀ lọba ń gé. Ta ló ní kí òun máa bo àṣírí ẹni tó jókòó tó ń wo òun níran? Ọjọ́ mẹ́fà gbáko. Obìnrin yẹn jẹ oúnjẹ òun, ó gba ìkúnlẹ̀ òun láràárọ̀, ó gbọ́ bí ọmọ rẹ̀ ṣe ń fi òun wé aláìbìkítà, ó sì ń ka tẹ̀sùbáà lọ. Basheerah pinnu. Ẹnu ọ̀nà ni òun á ti sọ ọ́. Òun á ní, ẹ béèrè lọ́wọ́ Ìyá. Ó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta lábẹ́ ẹnu kó má baà ṣì í sọ nígbà tó bá tó àkókò, ẹni tó jókòó tì í nínú kẹ̀kẹ́ sì rò pé àdúà ló ń ṣe.

Wọ́n wà nínú yàrá bàbá nígbà tó wọlé. Abdulwaris ti dé láti ibi iṣẹ́, ó jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì pẹ̀lú fìlà lórí. Àáfà Gàní wà lórí ẹní nílẹ̀, wọ́n fi ìrọ̀rí tì í lẹ́yìn, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ sinmi lórí itan níbi tí wọ́n gbé e sí. Ìyá kúnlẹ̀ tì í. Ìsàlẹ̀ hàǹtú ọ̀sẹ̀ náà ló wà nínú ife lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń fi ṣíbí bu ú sí i lẹ́nu, ó ń fi àtẹ́lẹwọ́ nu èyí tó bá ṣàn jáde, ó sì ń sọ̀rọ̀ fún un bí ìyá ṣe ń bá ọmọ ọwọ́ sọ̀rọ̀, pé ó ku ṣíbí kan, pé èyí ló kẹ́yìn, pé Allah tó ni ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ló ni ahọ́n.

Basheerah kúnlẹ̀, ó kí wọn. Ó na ìwé sí ọkọ rẹ̀.

Abdulwaris kà á jáde. "Omi wọ inú rẹ̀. Páwà páàkì ti bàjẹ́. Háàdì kò dáhùn." Ó tún ka ti háàdì lẹ́ẹ̀kan sí i, ojú rẹ̀ sì rí bíi ti ẹni tí wọ́n túfọ̀ fún. Ó ká ìwé náà. Ó wá rí ohun tó lè bínú sí, ara sì tù ú díẹ̀. "Omi," ló wí. "Ìyá Sadiya, mo sọ ọ́ àbí mi ò sọ ọ́?"

Ọwọ́ Ìyá ti dúró. Ṣíbí náà wà láàárín ife àti ẹnu, hàǹtú ń kán láti etí rẹ̀ sórí ẹ̀wù bàbá. Kò gbé ojú sókè. Basheerah ń wo ṣíbí yẹn. Gbogbo ọ̀rọ̀ tó kó sẹ́nu nínú kẹ̀kẹ́ ṣì wà níbẹ̀, ó pé. Ṣùgbọ́n ó rí ohun tí kò rí lójú ọ̀nà. Obìnrin yìí kò ní oògùn mìíràn. Dókítà ti sọ tiwọn, wọ́n ti padà sílé. Bí wọ́n bá sọ fún un lónìí pé hàǹtú ló pa ohùn ọkọ rẹ̀, kí ni yóò máa bù sí i lẹ́nu lọ́la? Inú ṣì ń bí Basheerah, inú ń bí i gidi, kì í ṣe pé ó ti dárí jì í.

"Èmi ni," ló wí. "Mo ń nu ilẹ̀ ni. N kò mọ̀ pé ó ta sí i."

Abdulwaris dìde. A kò mọ ohun tí ì bá sọ, nítorí pé ohùn kan jáde láti orí ẹní, ohùn tí kò ní ọ̀rọ̀ nínú, ó nípọn, ó sì le. Ọwọ́ òsì bàbá ń gbá ilẹ̀. Gbogbo wọn yíjú sí i. Ojú rẹ̀ pọ́n, ó ń wo ọmọ rẹ̀, ó sì gbé ọwọ́ òsì náà, ó fi kan ife tó wà lọ́wọ́ ìyàwó rẹ̀. Ó nà án sí orí tábìlì, níbi tí kọ̀ǹpútà máa ń wà. Lẹ́yìn náà ló fi lu àyà ara rẹ̀.

"Wọ́n fẹ́ mu omi," Abdulwaris wí.

Bàbá mi orí pé rárá. Ó tún un ṣe, ife, tábìlì, àyà. Ó lu àyà náà lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta, títí Ìyá fi di ọwọ́ náà mú, tó gbé ife sílẹ̀, tó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún.

"Ó ń sọ pé òun ni," Ìyá wí. "Kí ó má baà jẹ́ èmi."

Ó sọ ọ́ fún wọn. Ní Jímọ̀, nígbà tí òun gbé hàǹtú tuntun sí i lẹ́nu, ó pa ẹnu dé. Òun bẹ̀ ẹ́, ó kọ̀. Ó ń na ọwọ́ òsì sí orí tábìlì ṣáá. Ẹ̀rọ náà ti ń pariwo láti oṣù méjì, fáànù rẹ̀ ń han bí ẹni tí ọ̀fun ń dùn, gbogbo ilé ló ń gbọ́, Abdulwaris sì ti ní ogbó ni. Òun bi í pé ṣé kí òun bu fún ẹ̀rọ náà ni? Ó mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Òun ní, ìwọ wá ńkọ́? Ó tún nawọ́ sí tábìlì. Ni òun bá da ìdajì ife sí i láti àwọn ihò orí rẹ̀, pẹ̀lú bísímílà.

"Hàǹtú ni, Abdulwaris," ló wí. "N kò kà á sí omi. Nígbà tí kò tàn lọ́jọ́ kejì, ẹ̀rù bà mí, o sì ti ń sọ pé ìyàwó rẹ ni. Mo ní kí n ní sùúrù díẹ̀, bóyá yóò tàn." Ó yíjú sí Basheerah, ó gbá a lẹ́sẹ̀ mú bó ṣe kúnlẹ̀ yẹn, àgbàlagbà obìnrin, Basheerah sì yára di ọwọ́ rẹ̀ mú kó má baà wólẹ̀ fún òun.

Bàbá ti sinmi sórí ìrọ̀rí. Omi ń bọ́ lójú rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo, ẹ̀gbẹ́ òsì, kò sì gbé ojú kúrò lára ọmọ rẹ̀. Abdulwaris wo tábìlì tó ṣófo, ó wo bàbá, ó padà jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì. Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, ilẹ̀ ló ń wò.

"Ìyá Sadiya," ló wí, "kí ló dé tí o fi ní ìwọ ni?"

Basheerah ṣì di ọwọ́ Ìyá mú.

"Ó ti di ọjọ́ mẹ́fà tí ẹ ti ń sọ ọ́," ló dáhùn. "Mo ní kí n kúkú bá yín gbà á bẹ́ẹ̀."